Obìnrin Orí Bẹ́ǹṣì

Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀dà tó di ẹni tí ń ya ìlú bí ìlú ṣe rí gan-an, ogún ọdún gbáko ló fi ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ka sí. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò sẹ́ni tó ní kò mọ iṣẹ́. Bí ó bá ti da ọ̀dà sórí kánfáàsì, tí ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó wá fi àtàǹpàkò gbo ó níbì kan, àwọn tó gbọ́n jù wá lọ a dúró síwájú rẹ̀, wọn a di àgbọ̀n mú, wọn a mí kanlẹ̀. Àwa tí a kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹnìkan ti nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ là ń rí. Ó pe àkọ́kọ́ nínú wọn ní "Ìdákẹ́jẹ́ Kìíní". Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti dé "Ìdákẹ́jẹ́ Kẹtàdínlógójì", kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò fi odindi ọ̀sán sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀dà. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n ó gbà á bí ìgbà tí ènìyàn gba oyè.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan. Bí wọ́n bá ń wá ìwé ẹni tí ilé rẹ̀ jó lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, òun ni wọ́n ń lọ bá. Kì í yẹ ìwé kankan wò kó tó dìde. Ó mọ ibi tí fáìlì wà bí ó ṣe mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá tuntun pè é, ó fún un ní àga, ó fún un lómi, ó sì fún un ní lẹ́tà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlà kìíní, wọ́n tún dúpẹ́ ní ìlà kẹta, nígbà tí yóò fi ka ìlà keje, kò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa mọ ibi tí fáìlì wà láti ọjọ́ náà lọ.

Ó gbé lẹ́tà náà bọ̀ wálé láti fi han ọkọ rẹ̀. Ó bá a lórí àkàbà, ọ̀dà ti kùn ún dé ìgbúnwọ́.

"Mọ́mì! Àsìkò tó dáa lo dé! Wá wo nǹkan!"

"Ìdákẹ́jẹ́ Kejìdínlógójì" ni nǹkan ọ̀hún. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọkùnrin náà fi sọ̀rọ̀ lórí ìdákẹ́jẹ́. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tí ooru mú un, ó tilẹ̀ fi ń fẹ́ ara. Ọkọ rẹ̀ kò béèrè pé ìwé kí nìyẹn. Nígbà tó parí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu iwájú orí, ó ní, "Kí lo rí sí i?" Obìnrin náà ní ó dáa. Ó ti lẹ́tà bọ báàgì, ó gba ilé ìdáná lọ.

Nínú ilé ìdáná yẹn ló ti ṣe ìpinnu kan tí kò bọ́gbọ́n mu. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Ó pinnu pé òun kò ní sọ, àfi bí ọkọ òun bá béèrè. Kò wá ìbéèrè ńlá. Bí ọkùnrin náà bá ti lè wò ó lójú lọ́jọ́ kan kí ó ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?", yóò tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ọdún bá wá yípo tí kò béèrè, yóò palẹ̀ ẹrù mọ́, yóò forí lé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti wà nílé ọkọ. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó sá fi ọmọ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló di pé ní àràárọ̀, ó ń wẹ̀, ó ń múra, ó ń gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń dágbére iṣẹ́ tí kò sí. Ibi tó ń lọ kò jìnnà. Bẹ́ǹṣì kan wà ní ibùdókọ̀ tó kẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ibẹ̀ ló ń jókòó sí títí aago mẹ́wàá fi ń kọjá, kí ó tó dìde lọ sí ilé ìkàwé láti wo ìwé ìròyìn bóyá ẹnikẹ́ni ń gba òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ ń dé, ọkọ̀ ń lọ, kò wọ ọ̀kankan. Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ kan tí kò mọ̀ ọ́n rí yọrí lójú fèrèsé. "Mọ́mì, ṣé kò sí o?" Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó ní kò sí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ní oṣù kejì, ní ọjọ́ Àìkú kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró síwájú "Ìdákẹ́jẹ́ Kọkàndínlógójì", ó ń gbin. Ó ní nǹkan kan kù níbẹ̀, òun kò mọ ohun tó kù. Ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n. Sùúrù obìnrin náà tán lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ kì í rí nǹkan tó wà níwájú yín! Kó wà níwájú yín gbangba báyìí, ẹ ò ní rí i!"

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ọjọ́ méjì ni kò fi sọ̀rọ̀, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọ ilé ìdáná, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Òótọ́ lo sọ."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà sílẹ̀.

"Ogún ọdún ni mo fi di ojú," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ohun tó yẹ kí n máa wò wà níwájú mi lójoojúmọ́, mi ò kà á sí. Ìwọ lo la ojú mi."

Obìnrin náà fa àga, ó jókòó. Ó ti ń ronú bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, bóyá láti orí omi tí ọ̀gá fún un, àbí láti orí lẹ́tà.

"Ìlú ni!" ọkọ rẹ̀ pariwo. "Ìlú ló wà níwájú mi! Títì, ọkọ̀, ògiri, iná ojú pópó! Mi ò ní ya ohun tí kò sí mọ́ láyé mi!"

Ó fi ẹnu ko ìyàwó rẹ̀ níwájú orí, ó sáré jáde lọ ra kámẹ́rà. Obìnrin náà kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun sunkún, ó wá ṣe méjèèjì pọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ó ríran dáadáa lọ́jọ́ náà, ó sì padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ nígbà tó rí ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ sí òdìkejì títì, lẹ́bàá adágún omi òjò, tó gbé kámẹ́rà sójú. Ọkọ rẹ̀ ni. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ fò sókè bí ti olè tí wọ́n ká mọ́. Lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ wá dùn, inú rẹ̀ dùn gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ tán nìyẹn: ọkọ òun rí òun, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, lọ́jọ́ iṣẹ́, lórí bẹ́ǹṣì. Kámẹ́rà kọjú sí i gan-an. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ kámẹ́rà, ó dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n jọ jókòó nílé ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ dúró de ọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó ní òun rí ìmọ́lẹ̀ kan lórí omi òjò, tí òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tẹ àwòrán, wọ́n bá a sọ ọ́ di ńlá bí ilẹ̀kùn kóńbọ́ọ̀dù. Ó fi rúlà pín in sí irinwó àpótí kéékèèké, ó pín kánfáàsì náà bẹ́ẹ̀. Ó wá dorí fọ́tò kodò, ó dorí kánfáàsì kodò, ó gé páálí kan, ó lu ihò àpótí kan ṣoṣo sí i, ó sì fi páálí náà bo fọ́tò, tí kò fi lè rí ju àpótí kan lọ lẹ́ẹ̀kan.

"Òpùrọ́ ni ọpọlọ," ó ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀. "Bí o bá sọ fún ọpọlọ pé ojú ènìyàn nìyí, ojú tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa yà. Èmi ò fẹ́ mọ ohun tí mò ń yà. Àwọ̀ àti ìlà nìkan ni mò ń wò. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rí òótọ́."

Ọkùnrin ti yí padà nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ohun tí àwọn ẹlòmíràn kò mọ̀ ló ń yà. Ní báyìí, ó ń ya ohun tí òun alára kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti wo fọ́tò náà kó tó dorí kodò. Ó ti rí ara rẹ̀ lápá òsì, lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Ó fi ìka ka àwọn àpótí náà: bàtà wà nínú ọ̀kan, báàgì àti orúnkún nínú èkejì, bọ́tìnnì ẹ̀wù nínú ẹ̀kẹta, ọwọ́ nínú ẹ̀kẹrin, ojú nínú ẹ̀karùn-ún. Àpótí márùn-ún. Ó wá gbé ìpinnu rẹ̀ wá sí ìtòsí. Bí ọkọ òun bá ya òun tán tí kò mọ̀ pé òun ni, òun kò ní dúró kí ọdún yípo mọ́.

Àpótí mẹ́rin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń yà lóòjọ́, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ó ra awò kan tí ń sọ èèrà di ẹṣin, ó so ó mọ́ orí. Ó ya òkúta wẹẹrẹ ojú títì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ya ìdí sìgá tí ẹnìkan tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì mọ àmì tó wà lára rẹ̀. Bí àlejò bá dé, yóò mú un lọ síwájú kánfáàsì, yóò ní, "Ojú mi ti là báyìí. Kò sí ohun tó lè pamọ́ fún mi." Àlejò a fi ẹsẹ̀ kan dúró, a fi èkejì dúró, títí yóò fi dágbére.

Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wá ni Alálàyé, ọkùnrin tí ń kọ̀wé nípa àwòrán sínú ìwé ìròyìn. Òun ló ti kọ ọ́ nígbà ayé Ìdákẹ́jẹ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n sá fún ayé kí ó lè rí ayé. Nígbà tó rí iṣẹ́ tuntun yìí, ó lọ kọ ọ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n padà sáyé kí ayé lè rí i. Orúkọ ńlá ni ọkùnrin yìí ní, wọn kì í sì í bi í léèrè ohun tó ń sọ.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ dé orí bàtà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ké sí ìyàwó rẹ̀ láti yàrá.

"Wá wo bàtà!"

"Mo ti rí i."

"O ò tíì rí i. Yí orí ẹ dáadáa. Wo gìgísẹ̀ ẹ̀, ṣé o rí bó ṣe jẹ lápá kan? Ẹni tó ni bàtà yìí máa ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún ju òsì lọ. Ó ti rìn fún ọjọ́ pípẹ́."

"Ó ti rìn pẹ́, lóòótọ́."

Bàtà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí àpótí ìjókòó tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ó jẹ́ kí gìgísẹ̀ kọjú sí ọkọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ibẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀wọ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò, orí àpótí yẹn ni òun fẹ́ gbé ike ọ̀dà lé.

Bí ó ṣe ya báàgì nìyẹn, tó ya bọ́tìnnì. Orí ọwọ́, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní ìka máa ń ṣòro fún òun. Àpótí karùn-ún ló wá le. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi jókòó tì í, tó ń po àwọ̀ pọ̀, tó ń nù ún dànù. Ó ní kò sí nǹkan gidi níbẹ̀, ó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ kan báyìí, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà wúwo, òun kò mọ ohun tó fà á. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun gbé iná súnmọ́ ọ̀dọ̀. Obìnrin náà gbé iná dúró. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lójú, ọkọ rẹ̀ kò sì ju apá kan lọ sí i. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi ń ro ó, ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, ó ń sọ pé ẹ wòkè, ẹ sáà wòkè lẹ́ẹ̀kan.

"O ṣé gan-an," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí nígbà tó parí. "Ó wà bó ṣe yẹ kó wà báyìí."

Ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá, ó fa àpótí aṣọ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó nù ún. Lẹ́yìn náà ló tún rò ó pé ìdájọ́ kò gbọdọ̀ yá jù. Wọn kò tíì dá orí àwòrán náà sókè. Bóyá bí orí bá wà níbi tí orí ń wà, ọkùnrin náà yóò mọ̀ ọ́n. Ó di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tì í padà sábẹ́ ibùsùn.

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàtẹ. Ògiri gbọ̀ngàn funfun báláú, àwọn ènìyàn kún ibẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ wọ ẹ̀wù kan náà tó wọ̀ ní Ọjọ́rú yẹn, èyí tó ní bọ́tìnnì funfun. Ó gbé báàgì náà. Ó wọ bàtà náà. Bí ó bá ṣeé ṣe ni, ì bá gbé bẹ́ǹṣì náà wá pẹ̀lú. Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ níwájú àwòrán, kò jìnnà sí ara rẹ̀ ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ.

Kí a má parọ́, àwòrán náà dára. Ènìyàn fẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ìró ọkọ̀. Omi òjò wà níbẹ̀ pẹ̀lú iná ojú pópó tó dojú dé nínú rẹ̀, aago ara ògiri kẹ́míìsì ń sọ aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, àwọn ènìyàn sì ń na ìka wò ó bóyá kì í ṣe fọ́tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní òun ti fi ogún ọdún fọ́jú, ṣùgbọ́n lónìí, kò sí bí ìka ọwọ́ ṣe mọ nínú àwòrán yìí tí òun kò fi ojú òun wò.

"Obìnrin yìí ńkọ́?" Alálàyé béèrè, ó nawọ́ sí apá òsì. "Ìbànújẹ́ wà lójú ẹ̀. Ta ni?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé awò ojú rẹ̀ gun imú. "Kì í ṣe ẹnì kankan. Ará ìlú ni. Ìlú kún fún wọn. Ó ń dá ọkọ̀ dúró."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ti ya á tán, wọ́n ti dá orí rẹ̀ sókè, wọ́n sì ti sọ ẹni tó jẹ́. Ó yí padà láti máa lọ, àsìkò náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lójú ọ̀tún, báńdéèjì ṣì bò ó. Ojú òsì tó kù, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran kọjá ibi tí ọwọ́ lè nà dé. Ó fi ọ̀pá tọ ọ̀nà dé iwájú àwòrán, ó na ọrùn, ó pa ojú kan náà dé díẹ̀. Bí ẹ bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀ẹ́rin, ẹ ò ní tíì dé àrún tó fi mọ ẹni náà.

"Àbúrò mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo gbọ̀ngàn, "kí lò ń ṣe níbùdókọ̀ láago mẹ́wàá òwúrọ̀? Ṣé o ò lọ síbi iṣẹ́ ni? Kí ló dé tójú ẹ rí báyìí? Ta lò ń juwọ́ sí?"

Àwọn ènìyàn wo àwòrán, wọ́n wo bọ́tìnnì, wọ́n wo bàtà.

"Òun ni," àbúrò rẹ̀ dáhùn. Ó tọ́ka sí ọkọ rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àwòrán. Ó fa awò rẹ̀ tó ń sọ èèrà di ẹṣin jáde lápò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àpótí karùn-ún fínnífínní. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó tún wo àwòrán.

"Jọ̀wọ́," ó ní, "yí ojú sọ́dọ̀ iná díẹ̀."

Kí ẹnikẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín, Alálàyé ti pàtẹ́wọ́. "Háà! Ó fi ìyàwó rẹ̀ pamọ́ sáàárín ìlú! Gbogbo wa ń kọjá lọ, òun nìkan ló mọ̀ pé ìyàwó òun ń juwọ́ sí òun! Ìfẹ́ wo ló tún ju èyí lọ?" Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á, àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò. Wọ́n yí Ọ̀jọ̀gbọ́n ká, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ṣì ń wo ìyàwó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó fẹ́ sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí. "Àṣírí ni mo fẹ́ fi ṣe," ó ní. "Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu."

Ó dun obìnrin náà wọ egungun. Kò tíì dùn ún tó báyìí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò rí, kò rí náà ni. Ṣùgbọ́n èyí rí i tán, ojú rẹ̀ là kedere, ó sì wá parọ́ níwájú rẹ̀ nítorí àtẹ́wọ́. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá mú, wọ́n jáde. Wọ́n yà nílé, ó fa àpótí aṣọ jáde lábẹ́ ibùsùn.

Nínú ọkọ̀ ló ti sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó pòṣé.

"Ìwọ náà jẹ̀bi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Oṣù mẹ́jọ! O ò sọ fún èmi gan-an!"

"Ẹ má bínú."

"Mò ń bínú," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dé. Kò gbé kámẹ́rà, kò gbé nǹkan kan dání. Ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ó bù ú lómi, ó sì fi ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé omi. "Ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní ojú yín mú. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀." Ó bọ́ sí yàrá kejì, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí ọ̀rọ̀ má baà fò ó ru.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mu omi tán, ó na ife sí ìyàwó rẹ̀, ó sì jókòó sí iwájú rẹ̀. "Mo parọ́," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni. Mo ti lọ sọ fún Alálàyé. Ó ní kò burú, irọ́ yẹn dáa ju òótọ́ lọ, òun ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn."

"Mo ti kà á."

"Mo fẹ́ kó o padà wálé. Mo ti yí padà. Màá máa wò ọ́ báyìí."

Obìnrin náà ti gbọ́ pé ọkùnrin yìí yí padà rí. "Ẹ di ojú yín," ó ní.

"Kí ni?"

"Ẹ dì í. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti jókòó síwájú mi. Aṣọ àwọ̀ wo ni mo wọ̀?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n di ojú. Iwájú orí rẹ̀ kájọ. "Ewéko," ó ní. "Àwọ̀ ewéko."

Búlúù ni. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé po ọ̀dà! Láti yàrá kejì, wọ́n gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n olójú kan ń pòṣé. Ọkàn ìyàwó rẹ̀ kàn rẹ̀ ẹ́, ó sì fi ọwọ́ ti àga láti dìde, kí ó lọ ṣílẹ̀kùn fún un.

"Dúró ná," ọkọ rẹ̀ wí. Kò la ojú. Ó dákẹ́, ó dákẹ́ pẹ́, èyí kì í sì í ṣe irú ìdákẹ́jẹ́ tí ń ní nọ́ńbà. "Mi ò mọ ti aṣọ. Ṣùgbọ́n yíǹkì wà níka àárín rẹ, lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tó o gba ife lọ́wọ́ mi ni mo rí i. Ó ti wọ èékánná. Ó ti pẹ́ tó o ti ń kọ̀wé." Ó sún síwájú lórí àga. "Ta lò ń kọ lẹ́tà sí? Kí ló ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ?"

Obìnrin náà padà jókòó. Ó wo ìka rẹ̀. Yíǹkì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìkẹfà ló wà lórí tábìlì.

"Ẹ la ojú yín," ó ní.

"Rárá. Sọ ọ́ fún mi báyìí. Bí mo bá là á, ó lè tún lọ síbòmíràn."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé yẹn, láti orí àga tí ọ̀gá tuntun fà fún un. Kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó sọ ti awakọ̀ tó béèrè. Ó sọ ti apá tó ro ó lábẹ́ iná. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣàlàyé nǹkan kan fún un, ó kàn jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú tó dì pa, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé ẹ̀gbọ́n yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i.

"Ṣé ọkùnrin yìí ti sùn ni?"

"Kò sùn," àbúrò rẹ̀ dáhùn. "Ó ń gbọ́." Ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.